Àlejò Nínú Ara: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíndìnrín Tí A Fi Tọrẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó lè kan ilé ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín ni, èyí tí Bíbélì wa pè ní iwe. Òun ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń lé ìdọ̀tí jáde sínú ìtọ̀. Bí méjèèjì bá kọṣẹ́ pátápátá, ọ̀nà méjì ni ó kù: kí ẹ̀rọ máa fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ní nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ẹlòmíràn fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀.

Nígbà náà ni ẹbí yóò pé jọ. Ta ni yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀? Ìfẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ní ìdáhùn tirẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, ìlà ojú ni a fi ń mọ ọmọ ẹni. Bí a bá rí alábàjà tàbí onígọ̀m̀bọ́, a mọ ibi tí ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara olúkúlùkù ní àmì tirẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Dókítà Jean Dausset ará Faransé ṣàlàyé èkíní nínú wọn ní 1958, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1980. HLA ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ mọ àmì onílé. Bí wọ́n bá rí ti àlejò, wọn a gbógun tì í. Báyìí ni ara ṣe ń kọ kíndìnrín tí a fi tọrẹ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù December 1954, ní Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Joseph Murray gba kíndìnrín lára ìbejì kan fún èkejì rẹ̀, ara kò sì kọ̀ ọ́, nítorí àmì àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. Kì í ṣe gbogbo Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ a máa gba ìdajì àmì rẹ̀ lọ́wọ́ baba, ìdajì lọ́wọ́ ìyá. Nítorí náà, láàrin ọmọ ìyá àti baba kan náà, ìgbà kan nínú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ lè bára mu.

Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní 2000. Kí wọ́n tó ṣe é, wọn a yẹ irú ẹ̀jẹ̀ àti àmì méjèèjì wò, wọn a sì po ẹ̀jẹ̀ olùgbà mọ́ ti olùfúnni láti mọ̀ bóyá ìjà yóò bẹ́. Ẹni tí a ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára rí, tàbí abiyamọ, lè ti ní ohun ìjà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìyàwó lè kọ kíndìnrín ọkọ tí ó bímọ fún. Kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní kíndìnrín. Ara rẹ̀ dá, ó ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oògùn wọ́n, ọ̀nà ilé ìwòsàn sì jìn sí Ibafo. Ó ní, “Ara mi ti le,” ó sì dá oògùn dúró. Kò mọ̀ pé oògùn náà ni ó di àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí lọ́wọ́ mú. Kò sí ìrora, kò sí ibà. Síbẹ̀ ogun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè tú àṣírí rẹ̀: ìdọ̀tí tí à ń pè ní creatinine yóò máa gòkè, ohun ìjà sí kíndìnrín náà yóò sì hàn. Bí a bá tètè rí i, dókítà lè rí nǹkan ṣe. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n ti ṣègbé, kò sì ní òmíràn láti fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹbí tàbí ẹgbẹ́ bá ń dáwó fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dáwó iṣẹ́ abẹ nìkan. Ẹ ro ti oògùn oṣooṣù àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì ṣe bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà kíndìnrín, nítorí òfin ìlera ti 2014 kà á léèwọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò, nítorí àwọn méjèèjì wà lára ohun tí ń ba kíndìnrín jẹ́ jùlọ. Ẹni tí a sì ti fún ní ẹ̀bùn yìí, kí ó máa ṣe ìtọ́jú àlejò rẹ̀ lójoojúmọ́.