Ibà tí kò gbóògùn: nígbà tí olú bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ inú ikùn fún ẹnì kan, ó sì yọrí sí rere. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti ń béèrè ẹ̀kọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ara rẹ̀ tún gbóná. Àwọn ará ilé ní pàlú ni. Dókítà yẹ pàlú wò, kò sí níbẹ̀, ló bá pààrọ̀ antibiótíìkì. Ibà ò lọ. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó le jù, tó sì wọ́n jù. Ibà ṣì wà níbẹ̀. Ẹbí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú, wọ́n á máa dárúkọ ìyàwó bàbá, wọ́n á máa dárúkọ ẹ̀gbọ́n tí kò wá kí aláìsàn.

Nígbà mìíràn, ohun tó ń bá a jà kì í ṣe ọmọ aráyé, kì í sì í ṣe bakitéríà. Olú ni.

Mo mọ̀ pé èyí á pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ ọ́ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, wọ́n bi mí pé ṣé olú tí à ń fi sọ́bẹ̀ ni. Kì í ṣe òun gan-an, àmọ́ ẹbí kan náà ni wọ́n. Champignon ni àwọn Faransé ń pe gbogbo wọn. Olú inú igbó wà nínú ẹbí yìí, ìwúkàrà àwọn oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu wà níbẹ̀, làpálàpá náà wà níbẹ̀. Èyí tí à ń sọ lónìí kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, ó sì jọ ìwúkàrà ju olú inú igbó lọ. Candida lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń bo ahọ́n ọmọ tuntun bí ẹni pé wọ́n fi wàrà kùn ún, òun náà ló sì ń fa ojú ara yíyún fún ọ̀pọ̀ obìnrin.

Ara ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé, nínú ìfun àti lórí awọ ara, kì í sì í ṣe wá ní nǹkan kan. Bakitéríà rere tó kún inú ìfun kì í jẹ́ kó ráyè, awọ ara dí ọ̀nà mọ́ ọn, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣọ́ ọ. Ilé ìwòsàn ni ibi tí àwọn ọlọ́dẹ mẹ́ta yìí ti lè fọ́n ká lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìtọ́jú ló fà á. Antibiótíìkì tó lágbára ń pa bakitéríà rere pọ̀ mọ́ búburú. Rọ́bà tí wọ́n kì bọ iṣan láti fi fa omi síni lára ń ṣílẹ̀kùn nínú awọ. Iṣẹ́ abẹ ikùn lè jẹ́ kí ohun inú ìfun jò síbi tí kò yẹ. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ẹni tó pẹ́ ní réanimation, agbára ìjà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dínkù. Nínú ẹni mẹ́wàá tí Candida bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, nǹkan bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń kú, kódà níbi tí oògùn wà. Lóòótọ́, àìsàn mìíràn ti kọ́kọ́ rẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀.

Oògùn tó ń pa olú kò pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì olú jọ tiwa ju bí ti bakitéríà ṣe jọ ọ́ lọ, nítorí náà ó ṣòro láti rí oògùn tó máa pa á tí kò ní pa wá lára. Fún inú ẹ̀jẹ̀, ìdílé oògùn mẹ́ta la gbára lé jù. Èkíní ni àwọn azole, níbi tí fluconazole wà, èyí tí kò wọ́n, tí wọ́n sì ṣe ní hóró tí èèyàn lè gbé mì. Èkejì ni amphotéricine B, tó ti wà láti àwọn ọdún 1950. Ó lágbára, àmọ́ ó máa ń da kíndìnrín láàmú. Ẹ̀kẹta ni caspofungine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ni dókítà kọ́kọ́ máa ń fẹ́ lò fún ẹni tí ara rẹ̀ ò dá rárá, àmọ́ inú iṣan ni wọ́n ń gbà á sí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ti mẹ̀kúnnù.

Ẹ wo bí fluconazole ṣe ń ṣiṣẹ́. Olú ní ọ̀rá kan tó fi ń mọ ògiri ara rẹ̀, ergostérol. Àwa ò lo ìyẹn, cholestérol ni tiwa. Nínú olú, òṣìṣẹ́ kan wà tó ń po ọ̀rá yìí. Fluconazole á lọ jókòó sí àyè òṣìṣẹ́ náà, iṣẹ́ á dúró, ògiri ò ní dára mọ́. Báwo wá ni olú ṣe ń bọ́? Àwọn kan á yí ìrísí òṣìṣẹ́ náà padà díẹ̀, tí oògùn ò ní ríbi jókòó. Àwọn mìíràn á ṣe ẹnu ọ̀nà tó ń ti oògùn síta bó ṣe ń wọlé, bí apẹja tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Àwọn tí wọ́n bí àìgbóògùn mọ́ náà wà: Candida krusei kò gbọ́ ti fluconazole rí.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ara aláìsàn ló ti mọ oògùn náà jù, tí kò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ló yí padà, ara aláìsàn kọ́. Bó bá sì ti yí padà, ó lè kúrò lára ẹni yẹn bọ́ sára ẹni tí kò fi ẹnu kan fluconazole rí láyé.

Rọ́bà inú iṣan náà ń bá olú gbèjà. Olú á lẹ̀ mọ́ ọn, á fi nǹkan tó ń yọ̀ bí ewédú bora, oògùn ò sì ní ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Bí wọn ò bá yọ rọ́bà náà, wọ́n lè máa fún un ní oògùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó má sì yanjú.

Èyí tó ń kó ìdààmú bá àwọn dókítà jù lọ báyìí ni Candida auris. Ọdún 2009 ni àwọn ará Japan ṣàpèjúwe rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n rí i nínú etí ìyá àgbà ẹni 70 ọdún kan ní Tokyo; etí náà ni auris túmọ̀ sí lédè Látìn. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti yọjú ní Íńdíà, ní Gúúsù Áfíríkà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sì yàtọ̀ síra gan-an, bíi pé ó hù níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí wọ́n ka àwọn tí Candida wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ní 2016 àti 2017, auris jẹ́ ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lára rẹ̀ ni kò gbọ́ ti fluconazole, nǹkan bí ìdá 30 kò sì gbọ́ ti amphotéricine B. Nígbà tí OMS gbé orúkọ àwọn olú tó léwu jù jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, mẹ́rin ni wọ́n tò sókè pátápátá, ó sì wà lára wọn.

Ẹni tó bá ní ọ̀nà jìn sí wa, ẹ sọ fún un pé ní 2022 kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Oladele ti Yunifásítì Èkó, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ti Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, kéde pé àwọn rí i ní Nàìjíríà, oògùn tí kò sì ràn án ju ẹyọ kan lọ. Láti Sakété dé ibodè Igolo, taxi-moto lásán ni. Láti Pobè náà, àwọn èèyàn wa ń lọ gbàtọ́jú ní Èkó àti Abẹ́òkúta, wọ́n ń padà wálé. Ẹni tí wọ́n bá ti dá dúró sí ilé ìwòsàn níbòmíràn, kó sọ ọ́ nígbà tó bá dé iwájú dókítà níbí.

Àmọ́ kì í ṣe ibodè nìkan ló yẹ ká máa wò. Ọdún 2017 ni ọlọ́pàá kógun wọ Adjégounlè, apá ọjà Dantokpa ní Kútọnù tí wọ́n ti ń ta oògùn láìgbàṣẹ. Síbẹ̀, agbọ̀n oògùn ò tíì tán lórí èèyàn. Èèyàn á ra amoxicilline hóró mẹ́rin nítorí ọ̀fun dídùn; obìnrin á ra fluconazole hóró kan ní gbogbo ìgbà tí ojú ara bá yún un, láì ṣàyẹ̀wò. Èkíní ń pa bakitéríà rere, ó ń ṣílẹ̀ fún Candida. Èkejì ń pa àwọn tí kò lágbára, ó ń dá àwọn olóríkunkun sí. Bí oògùn náà bá tún jẹ́ ayédèrú tí agbára rẹ̀ ò pé, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa ará Pobè tiẹ̀ yẹ ká lóye èyí ju ẹlòmíì lọ. Ibùdó ìtọ́jú ọgbẹ́ Buruli wà láàárín wa. Bakitéríà ló ń fa ìyẹn, kì í ṣe olú, àmọ́ àwọn tó ti mú ọmọ lọ síbẹ̀ mọ̀ pé oògùn méjì ni wọ́n ń lò pọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko. Ìdí kan tó fi jẹ́ méjì ni pé kòkòrò tó bá yẹ èkíní sílẹ̀, èkejì á bá a.

Kí dókítà tó mọ̀ pé olú ni, ó gbọ́dọ̀ ṣe hémoculture: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò pàtàkì, wọ́n á fi í síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wo ohun tó hù, wọ́n á sì dán oògùn wò lórí rẹ̀. Kódà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, nǹkan bí ìdajì ló máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní tèmi, làbó tó lè ṣe iṣẹ́ yìí nítòsí wa á gba ẹ̀mí là ju àpò antibiótíìkì tuntun lọ. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó náà tún wà níbẹ̀: Candida auris lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lára irin bẹ́ẹ̀dì, àwọn oògùn ìfọlẹ̀ kan kì í sì í pa á dáadáa. Omi Javel tí wọ́n pò bó ṣe yẹ ń pa á.

Ẹ̀yin tó ń ṣọ́ aláìsàn, ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn tó ti lò wá fún dókítà, títí kan èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ ìyá olóògùn; ẹ má tìtorí ìtìjú fi í pamọ́. Bí ibà ò bá sì lọ, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi nọ́ọ̀sì pé: “Ẹ jọ̀wọ́, màmá, ọjọ́ mélòó ni rọ́bà yìí ti wà lára bàbá wa? Ṣé wọ́n ṣì nílò rẹ̀?”