Ẹ̀kọ́ Ìṣèlú Lẹ́yìn Oyè Àkọ́kọ́: Amọ̀nà fún Ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Kò sí ọmọ tí a bí sí Ọ̀yọ́ Àtìbà tàbí sí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété tí ọ̀ràn ìjọba yẹ kí ó ṣàjèjì sí, nítorí pé ní Ọ̀yọ́ ni Aláàfin àti àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ti ń ṣọ́ ara wọn láti ayébáyé, tí ọba kò gbọdọ̀ ṣe bí ó ti wù ú, tí ìjòyè pẹ̀lú kò sì gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di ọba, gẹ́gẹ́ bí ìtàn Baṣọ̀run Gáà àti Aláàfin Abíọ́dún ti fi yé wa; ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni a bí Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sí, ẹni tí ó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1959, tí àwọn ológun sì pa ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1966. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣèlú, tàbí nínú ìtàn, òfin tàbí ètò ọrọ̀ ajé, tí ó sì ń fẹ́ tẹ̀ síwájú, ogún baba rẹ̀ ni ó ń lọ yẹ̀ wò.

Àwọn oyè tí ó wà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí kò ka ìṣèlú ní oyè àkọ́kọ́, tàbí tí máàkì rẹ̀ kò tó, lè kọ́kọ́ gba Dípúlọ́mà Àgbà, èyí tí à ń pè ní PGD, fún ọdún kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oyè Másítà, ọdún kan sí méjì, tí ó pín sí oríṣi méjì: èyí tí a ń fi wá ìmọ̀ jinlẹ̀, bí i M.Sc. Ìmọ̀ Ìṣèlú, àti èyí tí a ń fi tún iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ṣe, bí i MPA ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí olùkàwé fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí pé oríṣi kejì kì í sábà ṣí ilẹ̀kùn oyè ọ̀mọ̀wé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìlànà tí a ti mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ẹni tí ó bá gba máàkì 60 nínú ọgọ́rùn-ún sókè ní Másítà ni yóò lọ tààrà sí Ph.D.; ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ yóò gba ọ̀nà M.Phil., oyè tí ó wà láàárín Másítà àti Ph.D., kọjá.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́

*Yunifásítì Ìbàdàn*, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, tí ó sì dá dúró ní 1962, ni àgbà gbogbo wọn. Níbẹ̀ ni Billy Dudley ti kọ́ni, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Ìhà Àríwá jáde ní 1968. Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìṣèlú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ nípa àlàáfíà àti ìjà, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Adúláwọ̀.

*Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀*, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962 kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, ni ó yẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí ìṣàkóso ìlú, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè.

*Yunifásítì Ìlọrin*, ti 1975, ni ó súnmọ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ jù. Ní *Yunifásítì Èkó* ni a ti ń gba oyè Másítà nínú òfin àgbáyé àti iṣẹ́ aṣojú ìjọba. Ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó kúrò nílé lè wo *NOUN*, yunifásítì àkàgbélé tí ìjọba tún ṣí ní 2002.

Nílé níhìn-ín, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ni a torí rẹ̀ dá LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990. Ní Ọ̀yọ́, Yunifásítì Ajàyí Crowther, ti 2005, wà lórí ilẹ̀ St. Andrew's College àtijọ́; kí ẹni tí ń gbé ìtòsí rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀ ètò tí NUC, àjọ ìjọba tí ń mójú tó àwọn yunifásítì, fọwọ́ sí ní ọdún náà, nítorí abèèrè kì í ṣìnà.

Ìbéèrè ni kí ó ṣáájú

Àṣìṣe tí ó pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ni pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lé, wọn kì í ronú ohun tí wọn yóò wádìí. Mo sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó ní ìbéèrè gidi lọ́wọ́, tí ó sì rí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó mọ ọ̀nà ibẹ̀, ti la ìdajì iṣẹ́ náà já.

Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀yọ́ yìí ni Olùṣọ́-àgùntàn Samuel Johnson wà tí ó fi kọ ìtàn Yorùbá parí ní 1897, ìwé tí ó jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 1966, B. A. Agiri kọ àpilẹ̀kọ oyè M.A. rẹ̀ ní Ìbàdàn lórí bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1850 dé 1950. J. A. Atanda pẹ̀lú gbé ìwé jáde ní 1973 lórí bí àwọn òyìnbó ṣe fi agbára kún agbára Aláàfin láti 1894 dé 1934. Àwọn fáìlì àtijọ́ ti Ẹkùn Ọ̀yọ́, tí a kọ *Oyo Prof* sí lára, ṣì wà ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fara balẹ̀ ṣí wọn yóò bá ẹ̀sùn, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ọ̀ràn oyè ìlú rẹ̀ pàdé níbẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí kò tíì tán. Ní oṣù Bélú 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì fi ilé àti ọjà sílẹ̀ padà wálé; ìbéèrè tí a lè wádìí níbẹ̀ nìyí: ta ni onílùú, ta ni àlejò? Peter Ekeh, tí ó kọ́ni ní Ìbàdàn, sọ ní 1975 pé ẹni tí kò jẹ́ jí kọ́bọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ lè kó owó ìjọba láìsí ìtìjú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wo ni a kò ti lè lọ dán ọ̀rọ̀ yìí wò?

Ìwé àti owó

Kí olùbéèrè tètè kó ìwé ẹ̀rí oyè àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama, ìwé àgùnbánirọ̀, àkọsílẹ̀ máàkì àti ìwé àwọn ẹlẹ́rìí jọ, nítorí àkọsílẹ̀ máàkì a máa pẹ́ kí ó tó jáde. Fún Ìlú Ọba, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth wà, bẹ́ẹ̀ náà ni Chevening, tí ó sábà máa ń ṣí ní oṣù Ògún. Chevening ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì ó kéré tán, ẹni tí ó bá gbà á sì gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko, mo bẹ̀ yín, ẹ máa ran akẹ́kọ̀ọ́ kan ó kéré tán lọ́wọ́ lọ́dọọdún sí ìdí ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹ sì bá a ṣe àdéhùn pé nígbà tí ó bá ṣe tán, ẹ̀dà kan nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ yóò wọ ilé ìkàwé ìlú wa.