Ewu Tó Lè Kù Lẹ́yìn Ìbímọ: Iṣẹ́ Tí Yàrá Mẹ́rin Inú Ọkàn Ń Ṣe

Bí obìnrin bá bímọ tán, Yorùbá a máa kí i pé ó kú ewu ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn sọ pé ewu kan wà tí ó lè má tíì kọjá, àìsàn tó ń kọlu ọkàn ìyá ìkókó. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn àdúgbò bíi Kinkinau ní ìlú Kàdúná gidigidi, nítorí pé Àríwá Nàìjíríà wà lára àwọn ibi tí àìsàn náà ti wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé.

Yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Yàrá òkè apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti yí gbogbo ara ká, yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kí ó lè gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń padà sí yàrá òkè apá òsì, tí yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì. Yàrá yìí ni ògiri rẹ̀ nípọn jù lọ, nítorí pé òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Bí àgbàlagbà bá ń sinmi, ọkàn rẹ̀ ń ta nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ara obìnrin lè fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọkàn ló ń ru ẹrù yìí láìsí wàhálà. Àmọ́ lára àwọn kan, láti ìparí oyún títí di nǹkan bí oṣù 5 lẹ́yìn ìbímọ, agbára yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì a dínkù, yàrá náà a sì sábà fẹ̀. Dípò tí yóò fi ta ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde, púpọ̀ a ṣẹ́kù síbẹ̀, omi a sì máa gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀.

Ní ọdún 1978, àwọn oníṣègùn Davidson àti Parry gbé ìwádìí wọn lórí àwọn ìyá ìkókó ní Zaria jáde. Wọ́n tọ́ka sí àṣà ogójì ọjọ́ láàárín àwọn Haúsá: wíwẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná, sísùn lórí ibùsùn amọ̀ tí a dáná sí lábẹ́, àti mímu kúnú tí a fi káún sè. Iyọ̀ inú káún ń dá omi dúró sára. Ooru ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, iṣẹ́ ọkàn a sì pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, àṣà nìkan kọ́ ni a lè di ẹ̀bi rù. Àwọn olùwádìí ní Kano, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamilu Karaye wà lára wọn, ti ṣàyẹ̀wò àìtó èròjà sẹ̀lẹ́níọ̀mù nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà oyún náà wà lára ohun tó ń dá kún un, kò sì sí ẹ̀yà tí àìsàn náà kò lè mú.

Kò pọn dandan kí a pa ìtọ́jú ìyá ìkókó tì. Ẹ jẹ́ kí omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí káún àti iyọ̀ sì mọ níwọ̀n. Bí ìyá bá ń mí gúlegúle, bí kò bá lè sùn láìgbé orí lé ìrọ̀rí púpọ̀, bí ó bá ń wúkọ́ lóru tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ẹ má ṣe pè é ní àárẹ̀ ìbímọ. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí ẹ̀rọ yóò ti ya àwòrán ọkàn rẹ̀, tí a ó sì fún un ní oògùn tó ń fa omi kúrò lára àti èyí tó ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ni ọkàn wọn ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìyá rí dókítà kí ó tó lóyún mìíràn.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ kí ìyá ìkókó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọmọ tán, ẹ bi ìyá náà bóyá ó ń sùn dáadáa lóru.