Láti Malu Road dé Yàrá Ìwádìí: Àlàyé lórí Ẹ̀kọ́ Sẹ́kíìtì Máíkírówéèfù ní Ipele Oyè Kejì

Ìfáárà

Ní Malu Road, láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tọ̀sán-tòru ni ìgbì tí ojú kò lè rí ń kọjá lójú òfurufú. Tẹlifóònù alágbèéká tí àwọn ìyálọ́jà fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí ó ga ju ilé lọ, àti rédà tí ọkọ̀ ojú omi fi ń wá ọ̀nà wọ èbúté Àpápá, irú ìgbì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Máíkírówéèfù ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Bí a ṣe ń ṣètò sẹ́kíìtì tí ó ń rán ìgbì yìí jáde, tí ó sì ń gbà á wọlé, jẹ́ ara ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ń kọ́ ní ipele oyè kejì ní yunifásítì. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ohun tí ẹ̀kọ́ náà dá lé, ìdí tí ó fi le, àti ohun tí ó kan olùkọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tí Máíkírówéèfù Jẹ́

Ìgbì tí ó ń mì láti ìgbà mílíọ̀nù 300 títí dé bílíọ̀nù 300 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni máíkírówéèfù, èyí ni pé láti 300 MHz dé 300 GHz. Bí ìgbì bá ṣe ń yára mì tó ni gígùn rẹ̀ ń kúrú tó. Nítorí náà, gígùn máíkírówéèfù bẹ̀rẹ̀ láti mítà 1, ó sì kúrú dé mílímítà 1. Nígbà tí tẹlifóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2001, 900 MHz wà lára ohun tí wọ́n lò. Gígùn ìgbì bẹ́ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 33. Ìgbì 5G tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022 ń lo 3.5 GHz, gígùn rẹ̀ kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 9. Ti rédà ọkọ̀ ojú omi tí ó ń lo nǹkan bíi 9.4 GHz kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ.

Ìdí tí Wáyà Lásán kò fi Tó

Iná mànàmáná tí à ń lò nínú ilé ń mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gígùn ìgbì rẹ̀ sì tó kìlómítà 6,000. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, wáyà inú ilé kéré jọjọ, ìdí nìyí tí agbára iná fi dọ́gba lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún máíkírówéèfù. Bí wáyà bá ti gùn ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá gígùn ìgbì lọ, agbára iná lè wà lókè ní orí kan kí ó sì wà nísàlẹ̀ ní orí kejì. Wáyà kì í ṣe ọ̀nà lásán mọ́; ìbú rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti pátákó tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lé di ara sẹ́kíìtì fúnra rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni ti ìgbì tí ń padà sẹ́yìn. Bí ohùn ṣe ń kọlu àpáta tí ó sì ń di gbohùngbohùn, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ń padà bí ó bá kan ibi tí ìdènà ti yàtọ̀. Bí a bá so wáyà oní-50 ohm mọ́ eríà oní-100 ohm, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án agbára tí a rán ni yóò padà. Láti dènà èyí, a lè fi wáyà kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ìgbì, tí ìdènà rẹ̀ sì jẹ́ 70.7 ohm, sí àárín méjèèjì. Ìgbì tí ó padà láti orí kejì wáyà yìí yóò ti rin ìdajì gígùn ìgbì ju ti orí kìíní lọ. Òkè ọ̀kan yóò bá ìsàlẹ̀ èkejì pàdé, wọn yóò sì pa ara wọn rẹ́. Irú ìṣirò báyìí ni Phillip Smith, ará Amẹ́ríkà, mú rọrùn pẹ̀lú àwòrán olóbìírípo tí ó gbé jáde ní ọdún 1939. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń lo àwòrán náà títí di òní.

Òjò Ilẹ̀ Wa

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó kan ẹ̀kọ́ yìí ni a lè yá lọ́wọ́ ará òkè òkun. Ní nǹkan bíi 10 GHz sókè, ẹ̀kán òjò ń gba lára agbára ìgbì, ó sì ń tú u ká. Òjò ilẹ̀ olóoru a sì máa rọ̀ kíkankíkan ju ti ilẹ̀ olótùútù lọ. Ní ọdún 1984, G. O. Àjàyí àti E. B. C. Ofoche gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti bí ó ṣe kan lílo máíkírówéèfù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó ń ṣètò sẹ́kíìtì mọ iye agbára tí yóò fi ṣe àlékún, kí ìbánisọ̀rọ̀ má baà já nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Ohun tí ó Kan Olùkọ́

Ìṣirò ni òpó tí ó gbé ẹ̀kọ́ yìí ró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lóye ìgbì, igun àti ìdá nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò bá ìṣòro pàdé ní yunifásítì, bí ó ti wù kí ọpọlọ rẹ̀ pé tó. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babátúndé Fáfúnwá darí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í rẹ̀yìn. Okùn tí a so mọ́ ara igi, tí a sì ń mì, tó láti fi ìgbì han ọmọ. Àwo omi àti òkúta wẹ́wẹ́ tó láti fi ìgbì tí ń padà hàn án. Kò sí èyí tí owó rẹ̀ wọ́n ju agbára ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní Ajégúnlẹ̀ lọ.

Ní ti ipele oyè kejì, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbì wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ bíi Qucs lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dán sẹ́kíìtì wò kí ó tó ná owó lé pátákó àti bàbà.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé gígùn ìgbì ni ó sọ sẹ́kíìtì máíkírówéèfù di ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Ó sì fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé àlàyé rẹ̀. Àwọn ọmọ Malu Road ń lo ìgbì yìí lójoojúmọ́. Bóyá wọn yóò wà lára àwọn tí yóò máa ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, tàbí wọn yóò kàn máa rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọwọ́ olùkọ́ tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìgbì fún wọn ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wà.