Bí Ìwé Àlẹ̀mógiri Kọ́ńsáàtì Ṣe Ń Pe Èrò

Ní àsìkò àyájọ́ ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, orin àti eré kì í wọ́n, ìwé àlẹ̀mógiri ni ó sì máa ń kọ́kọ́ kéde wọn. A fẹ́ ṣàlàyé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń fa ènìyàn wá, àti ohun tí ó lè sọ ọ́ di aláìwúlò.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn yóò rántí pé kí ẹgbẹ́ eléré tó dé Òkìtìpupa, ìwé wọn ti máa ń dé ṣáájú, lára ògiri ọjà àti ní ibùdókọ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni púpọ̀ nínú eré wọ̀nyí ti ṣẹ̀. Ní 1944, eré tí Hubert Ògúndé kọ́kọ́ gbé jáde ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó dá lórí ọgbà Édẹ́nì, láti fi kówó jọ fún ìjọ Aládùúrà kan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń fa ojú mọ́ra ni àwòrán ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ni a gbé sí àárín, ẹni tí ń kọjá lọ yóò mọ ibi tí yóò wò. Ta ni kò dá Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, mọ̀ nípa awò ojú ràgàjì rẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá kò lè ṣì í mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Toulouse-Lautrec ṣe ní Paris ní 1891 fún ilé ijó Moulin Rouge: ó gbé oníjó kan sí àárín nínú síkẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì kun àwọn òǹwòran ẹ̀yìn rẹ̀ ní dúdú bí òjìji.

Èkejì ni àwọ̀. Ní ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni a ń tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni owó ń pọ̀ tó. Nítorí náà ni a ṣe máa ń lo àwọ̀ díẹ̀, àìlówó yìí sì di ọgbọ́n, nítorí dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè a máa hàn láti òkèèrè.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n lẹ́tà àti àlàfo. Orúkọ eré, ọjọ́, ibi àti owó ìwọlé ni kí ó hàn. Ìyókù lè kéré. A pàṣẹ fún wòlíì Hábákúkù pé kí ìkọ̀wé rẹ̀ hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń sáré yóò lè kà á.

A kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún kan, nínú ìjọ tí a ń ṣe àbójútó, àwọn akọrin fi oṣù mẹ́ta múra kọ́ńsáàtì tí a fẹ́ fi tún òrùlé ṣe. Kí inú má bàa bí ẹnikẹ́ni, a to àwòrán ènìyàn mẹ́tàdínlógún sí ojú ìwé kan. Tiwa ni ó tóbi jù. Kò sí akọrin kan níbẹ̀. Ọjọ́ àti àkókò wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àga òfìfo pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ìyá kan tí ń ta púpurú ní òdìkejì ọ̀nà sọ fún wa ní ọjọ́ kejì pé, “Bàbá Àlùfáà, àṣé kọ́ńsáàtì ni? Èmi rò pé ìbò ni ẹ fẹ́ dì.” Ojú tì wá. Ìwé wa kí àwọn ẹni ńlá, ṣùgbọ́n kò pe ẹnikẹ́ni.

Ó ku ohun kan tí ó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: òtítọ́. Ní Ghana láyé àtijọ́, àwọn ayàwòrán a máa ya àwòrán kọ́ńsáàtì sórí pákó sí iwájú gbọ̀ngàn. Ẹranko abàmì inú rẹ̀ lè má sí nínú eré náà rárá. Àwọn èrò ibẹ̀ lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n àwa tí a ń jẹ́ orúkọ Krístì kò gbọdọ̀ lẹ àwòrán olórin tí kò tí ì gbà láti wá. Ẹni tí ìwé tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kò ní gba ìwé wa gbọ́ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, bí àwọn ọmọ wa bá ya ìwé fún àjọ̀dún, ẹ lẹ ẹyọ kan mọ́ ògiri, kí ẹ kọjá sí òdìkejì títì, kí ẹ sì bi ẹni tí ń tajà níbẹ̀ pé kí ni ó rí. Bí ó bá lè sọ ohun tí a fẹ́ ṣe àti ọjọ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un yà. Olúwa yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wọn.