Oúnjẹ Abà: Ilé Ni Ká Ti Dì Í

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sùn lábà fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kí lẹ máa jẹ níbẹ̀?

Àwọn kan á ní, "Ṣé oúnjẹ wọ́n lóko ni?" Ó dáa, ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, ní Borgou tiwa níbí, ọmọkùnrin mẹ́ta lọ roko nínú oko òwú bàbá wọn. Ọjọ́ tó ṣáájú ni bàbá ti fín oògùn kòkòrò síbẹ̀, àwọn ọmọ ò mọ̀. Ebi pa wọ́n, wọ́n ya àgbàdo tó wà láàárín òwú jẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń bì. Wọ́n gbé wọn dé ọsibítù Bembèrèkè, ọ̀kan nínú wọn kú. Ẹni tó bá di oúnjẹ dání, ebi ò ní sún un débi ohun tí wọ́n fín oògùn sí.

Báwo la ṣe máa ṣètò ẹ̀?

Ọjọ́ kìíní, ẹ gbé oúnjẹ sísè láti ilé, bí ẹ̀wà tàbí ìrẹsì, pẹ̀lú wàrà tẹ́ ẹ ti dín. Ìsinmi àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ sísè tó bá ti ju wákàtí méjì lọ nínú ooru, kòkòrò àìrí ti ń pọ̀ nínú ẹ̀. Bẹ́ ẹ tilẹ̀ tún un gbé kaná, oró tí àwọn kan nínú wọn tú síbẹ̀ kì í lọ.

Láti ọjọ́ kejì, ohun gbígbẹ ló kàn: gàrí, ẹ̀pà, ẹja gbígbẹ, ilá gbígbẹ, ata lílọ̀, iyọ̀. Ẹ rà á lọ́jọ́ ọjà kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ má baà tún náwó alùpùpù padà wálé nítorí iyọ̀. Ẹ mú iṣu náà. Iṣu sísun ò béèrè ìkòkò. Epo pupa àti iyọ̀ ti tó o.

Omi ńkọ́? Gàrí tá a rẹ ò rí iná, nítorí náà omi tá a fi rẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ omi odò, ẹ sè é títí á fi hó dáadáa. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn lè mu lítà mẹ́ta lóòjọ́. Ènìyàn mẹ́ta fún ọjọ́ mẹ́rin, lítà 36 nìyẹn: bídọ̀ onílítà 25 méjì, tí díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù fún ọwọ́ fífọ̀. Ṣùgbọ́n bídọ̀ tí oògùn oko ti wà nínú ẹ̀ rí, ẹ má bu omi sí i láéláé. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́ tó.

Tẹ́ ẹ bá sè tán, ẹ bu omi pa iná, kẹ́ ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ewé kajú ti gbẹ, ìṣáná kan lè jó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jíròrò èyí: ta ló fín oògùn lágbègbè abà yín, ṣé ó sì ti sọ fún àwọn ọmọ? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èsì yín. Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀.