Ẹ KAN TÁÌLÌ YÍN WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ!

Ìjà onílé àti àwọn tó ń lẹ táìlì ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ló kún ẹnu gbogbo èèyàn. Balùwẹ̀ ń dán bíi dígí, kíṣìnì ń tàn yanranyanran, àwọn ará àdúgbò ń wọlé wá wò ó, wọ́n ń kí màmá kú oríire. Ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́fà ná! Táìlì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ ẹsẹ̀, èkejì á là, ẹ̀kẹta á bọ́ lára ògiri, á já sínú bókẹ́ẹ̀tì. Owó àjọ ọdún méjì wọlẹ̀ nìyẹn. Màmá á ní ọ̀gá táìlì jí sìmẹ́ńtì òun. Ọ̀gá náà á ní táìlì tí màmá rà ni kò dáa.

Ta ló jẹ̀bi? Nígbà púpọ̀, táìlì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló fa gbogbo wàhálà.

KÌ Í ṢE NǸKAN TUNTUN NÍLẸ̀ WA

Kí táìlì òyìnbó tó dé, àwọn baba ńlá wa ti ń tẹ́ ilẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ ẹ̀ nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Wọn ò kàn da àpáàdì sílẹ̀ lásán o. Ṣe ni wọ́n ń gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń tì í mọ́ra pinpin nínú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òmíràn ṣì fi wà níbẹ̀ dòní.

Nínú ilé alámọ̀, ẹlẹ́bọ́tọ làwọn ìyá wa fi ń pa ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì dídán dé, tẹ́ràsò tẹ̀lé e, kó tó wá kan táìlì. Lónìí, wọ́n ń ṣe táìlì ní Àjàòkúta ní ìpínlẹ̀ Kogí àti ní Ìgbẹ̀sà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í ṣe ohun ọlọ́lá nìkan mọ́.

Ẹ ṢÍRÒ Ẹ̀ KÍ Ẹ TÓ RÀ Á

Ìyá tó ń ta gààrí ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ mọ iye kóńgò tó wà nínú àpò, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ìṣirò táìlì náà ò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ilẹ̀ balùwẹ̀ gùn ní 180 sẹ̀ǹtímítà, ó sì fẹ̀ ní 150. Tó bá jẹ́ táìlì 30 sí 30, mẹ́fà ló máa wọ gígùn, márùn-ún máa wọ ìbú: ó di 30. Ẹ fi mẹ́ta lé e nítorí èyí tí wọ́n máa gé àti èyí tó máa fọ́, ó di 33.

Ẹ ra gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì wò ó pé nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí bára mu. Ẹni tó bá padà lọ ra méjì tó kù lóṣù tó ń bọ̀ lè bá àwọ̀ mìíràn pàdé, bí orúkọ táìlì náà tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Èyí tó ń dán kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ògiri ni kó lọ. Èyí tí ara ẹ̀ kò jọ̀lọ̀ ló yẹ ilẹ̀ balùwẹ̀. Omi àti ọṣẹ lórí táìlì tó ń dán, ọ̀fìn ni. Ìyá àgbà tó bá ṣubú níbẹ̀ lè fi egungun itan dá, ó sì lè má dìde mọ́.

IBI TÍ IṢẸ́ TI Ń BÀJẸ́

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Itọ́ nínú iṣẹ́ táìlì ni kí wọ́n bu sìmẹ́ńtì sí igun mẹ́rin àti àárín bí àkàrà márùn-ún, kí wọ́n wá gbé táìlì lé e. Gbogbo ìyókù ṣófo. Ẹ fi ìka kàn án, á dún bí igbá òfìfo. Ẹ gbé ohun tó wúwo lé e, á là. Sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ kún gbogbo ẹ̀yìn táìlì.

Ìkejì ni omi. Táìlì seramíìkì a máa mu omi. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ ní gbígbẹ, á fa omi inú sìmẹ́ńtì mu, sìmẹ́ńtì náà ò sì ní dì mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rì í sínú omi títí tí kò fi ní yọ ìfófòó mọ́. Ṣùgbọ́n pọ́síléènì ò mu omi: nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀, omi tó lè wọ̀ ọ́ ò ju ìdajì gíráàmù lọ. Rírì í sómi ò ràn án, sìmẹ́ńtì lásán kì í sì í fẹ́ dì í mú lára ògiri. Gọ́ọ̀mù táìlì inú àpò ló tọ́ sí i.

Ìkẹta ni ìdagẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ da síbi ihò omi, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì nínú mítà kan. Táìlì nìkan kì í dá omi dúró, omi a máa gba àárín wọn wọlé. Tí balùwẹ̀ bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n di ihò náà, kí wọ́n da omi sílẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n wo yàrá ìsàlẹ̀ bóyá ó ń jò, kí táìlì ẹyọ kan tó kan ilẹ̀.

ODÓ IYÁN ŃKỌ́?

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe táìlì ò ro ti odó mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ilé wo ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni wọn kì í ti í gúnyán? Bí ọmọ odó ṣe ń balẹ̀ gbì gbì, ilẹ̀ ló ń gba gbogbo agbára ẹ̀. Táìlì tí abẹ́ ẹ̀ ṣófo lè là lọ́jọ́ kìíní. Èyí tí wọ́n lẹ̀ dáadáa pàápàá, á sú u níkẹyìn. Kí onílé fi àyè odó sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tàbí kó tẹ́ táyà ògbólógbòó sábẹ́ ẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn sítóòfù ni kó náwó sí, nítorí epo àti èéfín: aṣọ tútù kan, ó ti mọ́.

ONÍLÉ NÁÀ A MÁA JẸ̀BI

"Ọ̀gá, àlejò ń bọ̀ ní Sátidé o! Ẹ bá mi parí ẹ̀!"

"Màmá, ilẹ̀ yìí ò tíì le."

"Ẹ ṣáà máa lẹ̀ ẹ́, Ọlọ́run á ṣe é!"

Ọlọ́run kì í bá ẹni tó ń kánjú mú sìmẹ́ńtì le. Ọjọ́ 28 làwọn kọ́lékọ́lé ń kà fún kọnkéré kó tó gba agbára ẹ̀. Ká tó tẹ táìlì tuntun mọ́lẹ̀ pàápàá, ó kéré tán, kí ilẹ̀ ṣú kó tún mọ́. Ọ̀gá tí wọ́n bá sì ná owó iṣẹ́ ẹ̀ wálẹ̀ jù, inú sìmẹ́ńtì ló ti máa wá a padà.

KÍ Ẹ TÓ KA OWÓ TÓ KÙ

Ẹ mú ìdí ṣíbí, kẹ́ ẹ kan táìlì níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí òfìfo, kí wọ́n tú u kí wọ́n tún un lẹ̀. Ẹ da omi bókẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ balùwẹ̀. Tó bá dágún síbì kan, ìdagẹ̀rẹ̀ ò dáa. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú ibi tí táìlì ti pàdé. Tí ọ̀kan bá yọrí ju èkejì lọ, ọmọdé á fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í bínú sí èyí. Òun fúnra ẹ̀ á ti kàn án wò kí onílé tó dé.